Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Kà Sí Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lórí fóònù ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yìí ti kú o. Sọ irú èyí tí n óò fi rọ́pò rẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Kí ló ń ṣe?"

Ìwé olójú-ewé 14 kan wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì wọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ buwọ́ lù, kí wọ́n sì fi sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ni tábúlẹ́ẹ̀tì náà ti ń sọ pé òun ò rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún kan tí wọ́n ti ń fi tẹ̀wé láìsí wàhálà. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà, wọ́n ti tàn án. Wọ́n ti yọ áàpù rẹ̀ kúrò, wọ́n tún gbé e padà. Nígbà tí kò ṣiṣẹ́, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ wọn ọkùnrin, kí ó bá wọn tẹ̀ ẹ́ láti ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní "Offline".

Ohun tó wá mú kó dá Àǹtí lójú nìyẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ní òun ò rí i, kọ̀ǹpútà ní kò dáhùn. Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀rọ̀ kan náà. Ta ni kò ní gbà pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló jẹ̀bi?

Mo bi wọ́n léèrè ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi gbogbo èèyàn: "Ṣé nǹkan kan yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀?" Wọ́n ní rárá, kò sóhun tó yí padà. Mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, mo sì dìde lọ.

Ẹ̀rọ náà jókòó sórí tábìlì kékeré ní igun pálọ̀. Irú èyí tó ń fi íńkì olómi tẹ̀wé ni, tó ní gíláàsì lókè fún yíya ẹ̀dà ìwé. Iná rẹ̀ tàn. Iná Wi-Fi rẹ̀ dúró ṣinṣin, kò ṣẹ́jú, ó sì yẹ kí n ti ka ìyẹn sí dáadáa, torí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín Wi-Fi fún gbogbo ilé, ló ń wá kiri. Bó bá dúró, ó ti rí i.

N kò fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì rárá. Ojú kékeré tó wà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ ni mo lọ, mo ní kó tẹ ojú ewé tó ń ṣàlàyé ipò Wi-Fi rẹ̀ jáde. Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláìlókùn tí mo ti bá pàdé ló ní irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n fi í sí nìkan ló ń yàtọ̀. Mo fẹ́ràn láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé ó ń la ọ̀rọ̀ sí méjì. Bí ẹ̀rọ bá lè tẹ ojú ewé tirẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, a jẹ́ pé bébà ń wọlé, íńkì ń jáde, ọpọlọ rẹ̀ sì pé. Ojú ọ̀nà ni àìsàn tó kù wà. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́, kí a gbàgbé tábúlẹ́ẹ̀tì ná, kí a tọ́jú ẹ̀rọ.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà funfun méjì gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá bí ìgbà tí èèyàn fi èékánná ha á, mo sì fi ìyẹn pamọ́ sọ́kàn, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ṣeé kà. Orúkọ Wi-Fi tó wà lórí rẹ̀ ni ILE. Àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ nínú Wi-Fi náà, jẹ́ 192.168.1.37.

Mo fi bébà náà han Àǹtí. "Òkú kì í kọ̀wé. Ẹ̀rọ yìí ò kú." Àdírẹ́sì yẹn tún fi mí lọ́kàn balẹ̀ sí i. Ká ní 169.254 ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, ohun tí ì bá túmọ̀ sí ni pé ráútà ò fún un ní àdírẹ́sì kankan, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Èyí yàtọ̀. Ráútà mọ̀ ọ́n, ó sì ti fún un ní àyè jókòó.

Ogún ìṣẹ́jú tí mo fi ṣòfò

Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí lẹ́yìn ìyẹn kò tọ̀nà, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ìgbì méjì ló wọ́pọ̀ nínú Wi-Fi ilé: 2.4 GHz àti 5 GHz. Ti àkọ́kọ́ máa ń dé ọ̀nà jíjìn, ó sì máa ń gba inú ògiri kọjá dáadáa. Ti èkejì yára jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kò wọ́n, 2.4 nìkan ni wọ́n gbọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì gbọ́ méjèèjì. Mo ní àháà, ìdí nìyí, tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí 5, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lórí 2.4, wọn ò lè gbọ́ ara wọn. Mo wọ inú ètò ráútà, mo pa 5 GHz, mo pa tábúlẹ́ẹ̀tì, mo tún tàn án, mo jókòó tì í. Kò rí nǹkan kan.

Kò sì yẹ kó rí i. Nínú ráútà ilé, ìgbì méjèèjì dà bí ilẹ̀kùn méjì tó wọ pálọ̀ kan náà. Ẹni tó gba iwájú wọlé àti ẹni tó gba ẹ̀yìn wọlé máa ń bára wọn nínú ilé. Ìgbà tí a bá ń kọ́kọ́ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ Wi-Fi ni ọ̀rọ̀ 2.4 máa ń di wàhálà, torí orúkọ tó bá wà lórí 5 nìkan kò ní hàn sí i rárá. Ti Àǹtí ti so mọ́ ọn, àdírẹ́sì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀. Ìkánjú ló bò ó mọ́ mi lójú. Mo tan 5 GHz padà.

Àǹtí ń wò mí láti orí àga. "Ṣé ó dá ọ lójú pé kò tíì kú?"

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe lẹ́yìn tí bébà yẹn jáde. Mo ṣí ibi Wi-Fi nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, mo tẹ orúkọ èyí tó so mọ́, mo fà á wálẹ̀ títí mo fi dé ibi àdírẹ́sì. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà náà.

Lórí bébà: ILE, 192.168.1.37. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì: ILE-ALEJO, 192.168.2.14.

"Àǹtí, ta ló sọ tábúlẹ́ẹ̀tì yín di àlejò nínú ilé ara rẹ̀?"

Ráútà tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ

Ọmọ wọn ló dáhùn láti inú yàrá. "Ráútà tuntun la fi sí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bọ̀dá."

Mo wo Àǹtí. Wọ́n ní, "O bi mí bóyá nǹkan yí padà. Nǹkan kan ò yí padà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé." Wọn ò purọ́. Èmi ni mi ò béèrè bó ṣe yẹ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, ṣé ẹ pààrọ̀ ráútà, ṣé ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ṣé nǹkan tuntun kan wọ inú ilé? Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ráútà kì í ṣe ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ gbà kọjá.

Ọmọ náà kò ṣe àṣìṣe. Ó tilẹ̀ gbọ́n. Orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí ráútà àtijọ́ ń lò náà ló fún ti tuntun, kí gbogbo ẹ̀rọ ilé lè so mọ́ ọn fúnra wọn láìjẹ́ pé èèyàn ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé so mọ́ ọn lóòótọ́. Ó tún ṣí Wi-Fi àlejò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kọ páásíwọ́ọ̀dù méjèèjì sórí ègé bébà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ráútà. Ti ILE jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 16, ńlá àti kékeré pọ̀ mọ́ra. Ti àlejò jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó rọrùn.

Lọ́jọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì Àǹtí já. Wọn ò fẹ́ yọ ọmọ lẹ́nu. Wọ́n wo bébà ara ògiri, wọ́n yan èyí tó rọrùn láti tẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí, fídíò ń ṣiṣẹ́, kí ló tún kù? Tábúlẹ́ẹ̀tì sì dúró síbẹ̀, nítorí ibi tó bá ti so mọ́, tí íńtánẹ́ẹ̀tì sì wà, kì í ṣàdédé ṣí kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìyẹn fi dí ọ̀nà. Láyé àtijọ́, kí kọ̀ǹpútà tó lè tẹ̀wé, a ní láti fi dírafà ẹ̀rọ náà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, sínú rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì ò nílò rẹ̀ mọ́. iPad ti ní AirPrint, ètò tó ń jẹ́ kó tẹ̀wé láìlo dírafà, láti ọdún 2010. Canon, HP, Samsung àti Xerox kóra jọ ní ọdún 2013 láti dá ẹgbẹ́ Mopria sílẹ̀ kí àwọn ẹ̀rọ Android náà lè tẹ̀wé sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yòówù, nígbà tó sì di Android 8 ní ọdún 2017, ètò ìtẹ̀wé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. (Bí ẹ bá rí ìmọ̀ràn àtijọ́ tó ní kí ẹ lo Google Cloud Print, ẹ fò ó kọjá. Ó ti kógbá sílé láti òpin ọdún 2020.)

Bí wọ́n ṣe ń rí ara wọn ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé máa ń kígbe orúkọ ara rẹ̀ sínú Wi-Fi: èmi rèé, orúkọ mi nìyí, irú bébà tí mo lè gbà nìyí. Àdírẹ́sì ìpàdé kan wà tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀ fún irú igbe yìí, 224.0.0.251. Tábúlẹ́ẹ̀tì náà á béèrè níbẹ̀ pé, ta ló lè tẹ̀wé níbí? Ẹni tó bá gbọ́ á dáhùn. Ṣùgbọ́n igbe yìí kì í kọjá ògiri ilé. Wi-Fi àlejò sì jẹ́ ilé tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mọ ògiri sí láàárín òun àti ti onílé, kí àlejò lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ onílé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń kígbe ní pálọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì jókòó sí yàrá àlejò tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ló sọ.

Àwọn kan á ní kí a wó ògiri náà nínú ètò ráútà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ògiri yẹn ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀ fún. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni kó ṣí kúrò lọ́dọ̀ àlejò. Mo ní kó gbàgbé ILE-ALEJO pátápátá, kí ó má baà yọ́ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, mo sì fi sùúrù tẹ lẹ́tà 16 náà. Mo ṣí ìwé Àǹtí, mo tẹ ibi ìtẹ̀wé. Kí n tó ka ẹ̀ẹ́wàá, orúkọ ẹ̀rọ náà ti yọ.

Àǹtí pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ẹ̀rọ náà dún díẹ̀, ó dákẹ́, ó sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé bébà tó wà nínú òun kọ́ ni wọ́n ní kí òun tẹ̀ sí. A4 ló wà nínú rẹ̀, mílímítà 210 sí 297. Letter ni tábúlẹ́ẹ̀tì ní kó lò, 216 sí 279, tó fẹ̀ ju A4 lọ díẹ̀, tó sì kúrú jù ú lọ. Nígbà tí Àǹtí gbé áàpù kúrò tí wọ́n sì gbé e padà, ètò wọn àtijọ́ ti bá a lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé ẹ̀rọ ti há nígbà tó bá dúró báyìí, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ló ń dúró dè. Mo fagi lé iṣẹ́ náà, mo yí i sí A4 lójú ìtẹ̀wé tábúlẹ́ẹ̀tì, mo sì ní kó kọ́kọ́ tẹ ojú ewé kìíní nìkan.

Ó jáde pẹ̀lú ìlà funfun méjì yẹn. Ọ̀kan tiẹ̀ gba ibi tí wọ́n máa buwọ́ lù kọjá.

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti tẹ̀wé gbẹ̀yìn. Orí ẹ̀rọ oníńkì olómi ní ihò tíntìntín lọ́pọ̀lọpọ̀, bí kò bá sì rí iṣẹ́ ṣe, íńkì máa ń gbẹ mọ́ díẹ̀ nínú wọn. Mo ní kó tẹ àpẹẹrẹ ìdánwò ihò. Ti dúdú dà bí àkàsọ̀ tí ìdúró ẹsẹ̀ mẹ́ta ti já lára rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta yòókù pé. Mo ní kó fọ orí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n, ó yán, ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì. Mo tún tẹ àpẹẹrẹ: ọ̀kan ló kù. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀kan yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ máa ń yá èèyàn láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà. Íńkì gan-an ni ẹ̀rọ fi ń fọ ara rẹ̀, kò sì sí omi mìíràn nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fọ orí ẹ̀rọ títí kátíríìjì, ohun tí íńkì wà nínú rẹ̀, fi gbẹ, tó wá ń wá ìdí tí kò fi tẹ̀wé mọ́. Mo fi bọ́tìnnì ara rẹ̀ pa á, mi ò fa wáyà yọ, torí bọ́tìnnì yẹn ló ń jẹ́ kí orí rẹ̀ padà sí ibi tí wọ́n ti ń dé e kí íńkì má gbẹ. A fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí a tàn án, íńkì tuntun ti rẹ ìdọ̀tí náà, àkàsọ̀ pé.

Ó tẹ ojú ewé márùn-ún wẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹfà há. Bébà méjì ló wọlé pọ̀, nítorí wọ́n ti wà nínú àpótí náà láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti lẹ̀ mọ́ra. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà wọ́n sí ìhà tí bébà máa ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, kí rọ́bà inú rẹ̀ má baà bàjẹ́. Igun kan já sínú. Mo ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo fi iná fóònù wò ó, mo rí i, kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ká ní mo fi í sílẹ̀ ni, ẹ̀rọ náà ì bá máa pariwo bébà há títí di àárọ̀. Mo gbá àwọn bébà tó kù jọ, mo fẹ́ ẹ̀gbẹ́ wọn bí ẹni ń ka owó, mo dá wọn padà. Ojú ewé 14 pé.

Ó ku kọ̀ǹpútà, ẹlẹ́rìí kejì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àlejò náà ló ń ṣe é, mo wò ó: ILE ló wà. Ó ṣì ní "Offline". Mo ṣí ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà nínú rẹ̀, mo wá ibi tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. 192.168.0.23 ni.

Àdírẹ́sì tí ráútà àtijọ́ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìyẹn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, nọ́ńbà ni wọ́n fi so ó, kì í ṣe orúkọ. Ráútà tuntun ń fúnni ní àdírẹ́sì tirẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Tábúlẹ́ẹ̀tì ò gbọ́ igbe nítorí ògiri. Kọ̀ǹpútà gbọ́ gbogbo nǹkan, àmọ́ kò fetí sí igbe kankan, nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ráútà kan náà ló bí wọn, a wá kó o lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí.

Mo wọ inú ráútà, mo ní kó ya 192.168.1.37 sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó má fi fún ẹlòmíràn láé, kí àdírẹ́sì náà má sì yí padà bí iná bá lọ tó dé. Ọmọ náà yí nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà sí i. Bó ṣe tẹ OK báyìí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ bébà jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́.

Mo bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn?"

Ó fọwọ́ họrí. Mẹ́sàn-án ló wà lórí ìlà, olójú-ewé 14 ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ti ń retí ọjọ́ òní láti ọ̀sẹ̀ náà wá. Mo tẹ àmì ìfagilé lára ẹ̀rọ, òun náà ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà. Bébà mẹ́rin ti jáde kó tó gbọ́.

Àǹtí kó bébà mẹ́rin náà, wọ́n ní ẹ̀yìn wọn ṣì mọ́. Wọ́n mú bírò, wọ́n ya ọ̀kan sí méjì, wọ́n kọ̀wé gàdàgbà gàdàgbà sí i lára, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè ráútà, sórí èyí tí ọmọ wọn kọ: "TI ÀLEJÒ NI ÈYÍ TÓ RỌRÙN. TI WA NI ÈYÍ TÓ GÙN."